Ẹsẹ̀ ni Ìgè Fi Wáyé

Ẹsẹ̀ ni Ìgè fi wáyé,
ẹsẹ̀ náà ló kọ́kọ́ jáde lánàá
nígbà tí wọ́n gbé pósí kọjá lẹ́nu ọ̀nà.
Èmi ọmọ àbúrò rẹ̀ ni mo ń tú àpótí:
tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tí ọkọ̀ kankan ò gbà mọ́,
fìlà kan tí kì í ṣe tirẹ̀,
ẹ̀dà lẹ́tà igba ó lé mọ́kànlá tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀.
"Ẹ̀yin ọlọ́lá aṣòfin" ni ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn.
Méjì péré ló rí èsì.

Ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ṣábẹ̀ẹ́ títí irin fi dákẹ́.
Wọ́rú ń wọn kajú ní òdìkejì irin.
Kò sí ìtàn ńlá níbẹ̀.
Ọ̀kan ò ní ṣéńjì, èkejì ní kó mú un bọ̀ lọ́la;
ọ̀la ọ̀hún gba ọdún méjìlélógún.

Ilé wọn wà lẹ́sẹ̀ òkúta ńlá, níbi tí ewúrẹ́ ti ń sá fún òjò.
Èdè wa ni wọ́n fi ṣọgbà yí i ká.
Bí ìyá mi bá bi í pé, "Ó ti jẹun?"
Ìgè á ní, "Ó ti jẹun."
"Ó ń bá ọ bọ̀ níbi ìkómọ?"
"Ó ń bọ̀."
"Ó" ò ní irùngbọ̀n, "ó" ò wọ bùbá,
"ó" dà bí aṣọ tí a fi bo oúnjẹ:
gbogbo ilé mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀,
ẹnìkan ò ṣí i.

Faransé ò ní "ó".
Lọ́jọ́ tí àyà gbé Wọ́rú dè, nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù wá:
ọkọ, aya, òbí, ọmọ.
"Kí lẹ jẹ́ sí i, bàbá?"
Ìgè wo àwọn àpótí kéékèèké náà títí,
kò rí èyí tó lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n Wọ́rú, tí a ò rí láti ọdún tí Ọ̀pàrà kún àkúnya,
ló ti Paraku dé, tó buwọ́ lùwé.
Òun ló gbé òkú. Òun ló gbé kẹ̀kẹ́. Ó padà wá gbé bẹ́ẹ̀dì.
Fìlà nìkan ni kò rántí béèrè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ìgè ní kí n gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi wá.
"Kọ ọ́ pé òfin ò dè wá.
Kọ ọ́ pé òfin ò sì mọ̀ wá.
Bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni kí n mú dání lọ sí mọ́ṣúárì."

Ó wọ sẹ́mì, ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Kútọnu;
ìgbà tí owó tán ó rìn, ṣebí Ìgè ni.
Ní ìpàdé mẹ́rì, géńdé kan dìde, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀:
"Bàbá, èwo nínú yín ni ìyàwó?"
Ìgè ní, "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń dáná."
Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lóru, wọ́n ju èso kajú jíjẹrà lu ilẹ̀kùn rẹ̀,
òórùn rẹ̀ ò tán títí ọyẹ́ fi dé.
Obìnrin méjì ti Kétu wá lálẹ́ ọjọ́ kan,
wọ́n jókòó lórí ẹní, wọn ò sọ nǹkan kan,
wọ́n jẹ iyán, wọ́n fọ abọ́, wọ́n lọ.

Mẹ́ta wà nínú lẹ́tà yẹn tí n kò fi ránṣẹ́.
Ọdún tí mò ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ni;
orúkọ mi wà lẹ́yìn àpò ìwé, ojú tì mí.
Owó sítáǹpù rẹ̀, mo fi ra ọṣẹ.

Ní ìsàlẹ̀ àpótí, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí,
ọjọ́, oṣù, iye owó, bí ti ìdí tíkẹ́ẹ̀tì.
Níwájú àwọn mẹ́ta yẹn, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́:
"Ó gbàgbé."

"Ó" kan náà ni.
Ó fi bò mí.

Aago mẹ́jọ ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ṣí.